Kí Ẹ Tó Tú Kabúrétọ̀

Ẹni tí ó bá ti gun alùpùpù láti Ìkìrun onílé obì, tí ó gba Ìnísà kọjá, tí ó sì wọ Òkukù níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń pe ọlọ́kadà ní àràárọ̀, kò ní ṣàì ti bá ọkùnrin kan pàdé rí tí ó ti maṣíìnì rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó ń ta kíìkì títí tí òógùn fi bò ó, tí èrò rẹ̀ sì ti sọ̀kalẹ̀ tí ó ti bá ẹlòmíràn lọ. Bí ó bá ṣe díẹ̀ sí i, ọkùnrin náà yóò fa sípánà yọ lábẹ́ àga, kò ní bèèrè, kò ní wádìí, kabúrétọ̀ ni yóò dojú kọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti tú u tán, ó ti sọ ìṣó kékeré kan nù sínú koríko, àìsàn tí ń ṣe maṣíìnì náà sì wà níbi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn ènìyàn wa sọ kò ju èyí lọ: nínú gbogbo ibi tí epo ń gbà kọjá, kabúrétọ̀ ni ó yẹ kí a fọwọ́ kàn kẹ́yìn.

Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń yára sí i. Àwọn maṣíìnì tí bàbá wa gùn, Honda, Suzuki àti Yamaha, tí ilé-iṣẹ́ Honda tilẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀tà ní ọdún 1979 láti máa tò wọ́n pọ̀ níhìn-ín, títí dé orí Bajaj tí ó gba ojú ọ̀nà kan lónìí, ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ni wọ́n. Ní Íńdíà tí Bajaj ti ń wá, òfin èéfín tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2020 ti mú kí ọ̀pọ̀ àwọn maṣíìnì tuntun ibẹ̀ fi kabúrétọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ti àtijọ́ ni ó ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wa, èmi kò sì kẹ́gàn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ní sùúrù lè tọ́jú rẹ̀ láìná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ọwọ́ lè tú, gbogbo ọwọ́ ni ó lè bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tọpa epo náà. Inú táǹkì ni ó wà lókè, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kankan kò fà á. Yóò gba inú asẹ́ táàpù, yóò gba inú rọ́bà, yóò bọ́ sínú abọ́ kékeré tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, níbi tí fúlóòtì ti ń léfòó. Bí epo bá kún tó, fúlóòtì yóò gbé abẹ́rẹ́ kan sókè tí yóò dí ọ̀nà. Láti inú abọ́ yìí ni ẹ́ńjìnnì ti ń fà á gba ojú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré oníhò, tí ó ń pò ó mọ́ afẹ́fẹ́, ìwọ̀n epo kan sí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bíi 15. Ibikíbi tí ó bá dí nínú ìrìn àjò yìí, bákan náà ni maṣíìnì yóò ṣe kú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí epo dúró sí. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Nítorí náà, ẹ wo inú táǹkì ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín: mo ti rí àgbà ọlọ́kadà tí ó tú kabúrétọ̀ palẹ̀ kí ọmọ kékeré kan tó bi í bóyá epo wà níbẹ̀. Bí epo bá wà, ẹ yí táàpù sí rìsáfù, ẹ tún un ta. Bí kò bá jẹ́, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀, òun ni yóò sọ òtítọ́ fún yín. Bí ẹ bá ti ta kíìkì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní tí ẹnu púlọ́ọ̀gì ṣì gbẹ táútáú, epo kò dé, ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ wá. Bí ó bá tutù tí ó ń rùn fún epo, epo ti dé, ó tilẹ̀ lè ti pọ̀ jù. Ẹ wo iná púlọ́ọ̀gì, ẹ wo fíítà afẹ́fẹ́ bóyá eruku ọyẹ́ ti dí i, ẹ sì wo bóyá abẹ́rẹ́ fúlóòtì kò pa ẹnu ọ̀nà dé mọ́, èyí tí ẹ ó mọ̀ bí epo bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ kabúrétọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo iná púlọ́ọ̀gì, kí ó gbé e jìnnà sí ihò tí ó ti yọ ọ́, nítorí epo tí ń jáde níbẹ̀ lè gbiná.

Èyí tí ó ń ya mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ìdérí táǹkì. Ihò kan wà lára rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tí ń jáde. Ẹni tí ó bá ti da mílíìkì láti inú àgolo mọ̀ pé bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, kò ní dà dáadáa, àfi bí a bá lu èkejì. Àwọn ọlọ́kadà wa a máa tẹ́ ọ̀rá sí abẹ́ ìdérí nítorí òjò, eruku pupa a sì máa dí ihò náà pa. Maṣíìnì bẹ́ẹ̀ yóò gbéra ní Ìkìrun bí ẹṣin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lójú ọ̀nà, yóò kú kí ó tó dé Ìnísà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò tún jí, yóò sì tún kú kí ó tó rí Òkukù. Wọn yóò pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọn yóò ra kabúrétọ̀ tuntun, àwọn kan yóò tilẹ̀ ní ayé ń ṣe é. Ní ìṣẹ́jú tí ó bá kú gan-an, ẹ ṣí ìdérí náà. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé fìn-ìn, tí maṣíìnì sì jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ti mú olè náà. Ẹ yọ ọ̀rá, ẹ fẹ́ ihò náà, ó tán.

Bí kì í bá ṣe ìdérí, ẹ yọ rọ́bà lára kabúrétọ̀, ẹ ṣí táàpù, kí ẹ gbe ìgò sí i. Bí epo kò bá ṣàn geerege, asẹ́ táàpù ni ó dí. Bí ó bá ń ṣàn, ẹ tú ìṣó kékeré tí ń bẹ nídìí abọ́ kabúrétọ̀, kí ẹ gbe epo rẹ̀ sínú ìgò funfun. Lítà omi kan wọn kílò kan, lítà epo bẹntiróòlù kò ju nǹkan bíi gíráàmù 750 lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni omi máa ń sá sí, ẹ ó sì rí i bí ó ti ń yí kiri nídìí ìgò. Omi yìí pọ̀ lásìkò òjò, ó sì pọ̀ láti ìgbà tí epo ti di ohun tí à ń rà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, pàápàá lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà tí kò tó ₦200 sì fò kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ilé epo pàápàá kò mọ́ tán: ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọ́n kó epo kan wọ orílẹ̀-èdè yìí tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, kẹ́míkà kan tí ó bá ọtí líle tan, tí ń fa omi mọ́ra, tí ó sì ń jẹ rọ́bà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé maṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta, kí ó pa táàpù, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa epo inú abọ́ tán, nítorí pé epo tí ó bá pẹ́ níbẹ̀ a máa dì bí oje igi.

Ìgbà tí gbogbo èyí kò bá tú àṣírí ni kabúrétọ̀ kàn. Maṣíìnì tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ láìjẹ́ pé a fa ṣóòkù, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó dí. Èyí tí ó dúró dáadáa tí kò lè sáré, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wáyà gún un. Idẹ rírọ̀ ni jẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà bá ti gbòòrò ihò rẹ̀ bí ó ti wù kí ó kéré tó, maṣíìnì náà yóò máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú epo, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.

Iná ni ó wá kù. Òòru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rákò gbà, ó sì lè dé ìdí iná alákàrà tí ó jìnnà sí yín kí ẹ tó mọ̀. Ẹni tí ń mu sìgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí a ti ń tú ọ̀nà epo. Àṣà fífi ẹnu fa epo gba inú rọ́bà, kí a fi í sílẹ̀ pátápátá. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kan gbé e mì, kí ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, kí ẹ má sì mú kí ó bì, nítorí ibi tí ó ti ń bì í ni epo náà yóò ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti bi oníbàárà léèrè ibi tí maṣíìnì ti kú àti bí ó ti kú, kí wọ́n tó mú sípánà. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, kí ẹ tó gbé èrò àkọ́kọ́ lọ́la, ẹ ṣí ìdérí táǹkì yín, kí ẹ yọ ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ sọ nù.