Ẹ Fi Jọ̀lọ́ọ̀fù Sílẹ̀, Ẹ Wọ Búkà Akra

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ọmọ Gánà ti ń fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn lórí ẹni tí ó mọ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sè jù. Bí ó bá jẹ́ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà mọ, a kì bá tí dá sí i. Ṣùgbọ́n a ti rí olùkọ́ èdè tí ó fi ìjà yìí ṣe orí ọ̀rọ̀ àròkọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Asán ni ìjà náà lójú tiwa, ó sì ń bo ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọmọ mọ́lẹ̀.

Ẹrù ẹlẹ́rù ni àwọn méjèèjì ń jà sí. Orúkọ àwọn Wolof ni oúnjẹ náà ń jẹ́. Ní ọdún 2021, ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ni UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Kí ni Èkó àti Akra tún wá ń du?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Akra ṣe ń jẹun, kí ó lọ sí chop bar inú àdúgbò, èyí tí àwa ń pè ní búkà. Bẹ́ǹṣì, abọ́ omi ìfọwọ́, odó tí ń dún lẹ́yìn ilé: kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí wa níbẹ̀. Kóòsé tí wọ́n ń dín láàárọ̀, tí wọ́n fi ń mu kókó, kí ni bí kò ṣe àkàrà àti ògì? Pọ̀nmọ́ ni wele. Kenkey, tí àwọn Gã ń fi háhá àgbàdo dì, tí àwọn Fante ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ dì, ìbátan ẹ̀kọ ni, àmọ́ ó le jù ú lọ. Waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a fi ewé ọkà bàbà sè títí ó fi pọ́n, láti ẹnu Háúsá ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kí a má purọ́, ìrẹsì òun ẹ̀wà tiwa kò ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Fùfú ni yóò wá rú ọmọ Yorùbá lójú. Ẹ̀gẹ́ rírẹ ni tiwa. Ní Akra, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń gún pọ̀ bí iyán. Orúkọ kan, oúnjẹ méjì.

Wọn yóò ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni ìjà jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ̀fẹ̀ ni, a gbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ṣakí tí wọ́n ti ń tajà ní Gánà láti ìgbà pípẹ́ fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Lagos Town ni àdúgbò tí à ń pè ní Accra New Town lónìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà, òun náà lé àwọn ọmọ Gánà. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a sọ ní Ghana-Must-Go, tí a ṣì ń fi ṣe ẹ̀rín títí di òní. Ẹ̀fẹ̀ wo ni ó tún kù?

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ó bi wọ́n bí fùfú Akra àti fùfú Ìbàdàn ṣe wá ń jẹ́ orúkọ kan náà.