Ètò Ìlera Tí Wọ́n Kọ Lẹ́ẹ̀kan, Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí Wò Mọ́

Sí àwọn dókítà ọpọlọ, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn aláṣẹ ètò ìlera alábọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Èkó,

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ASPAMDA, nínú ọgbà Trade Fair, kò jẹ́ fi iye ọjà ọdún 2022 ṣòwò lónìí. Bí ọjà bá ṣe ń yí ló ń tún un kà, tó ń tún iye kọ. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò yìí kan náà bá ń bá àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kì í tán bọ̀rọ̀ yí, ètò tí wọ́n bá a ṣe lọ́jọ́ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù ni yóò máa lò títí. Ìyẹn bí wọ́n bá tiẹ̀ bá a ṣe ọ̀kan.

Bó bá padà wá rí dókítà, ìbéèrè kan náà ni: Ṣé ẹ ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Wọ́n á tún oògùn àtẹ̀yìnwá kọ sínú káàdì, ẹlòmíràn á wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ yá díẹ̀ á dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó máa lò ó fún oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Bẹ́ẹ̀, àìsàn àlọ-àbọ̀ ni: ó kéré tán, ìdajì àwọn tó bá ṣe lẹ́ẹ̀kan ló tún máa ń ṣe.

Mary Ellen Copeland, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí àìsàn ọpọlọ ti bá fínra, wà lára àwọn tó gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Wellness Recovery Action Plan kalẹ̀ ní Vermont lọ́dún 1997. Ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ohun tó ń mú un dúró lójoojúmọ́, ohun tó ń tì í ṣubú, àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọ kí àìsàn tó dé, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pè bí nǹkan bá bàjẹ́ tán. Abala ìgbẹ̀yìn wà fún ìgbà tí wàhálà bá ti rọlẹ̀, kí olúwarẹ̀ wo ohun tó ràn án lọ́wọ́ àti èyí tí kò ràn án, kó sì tún ètò náà tò. Àtúntò yẹn ni òpómúléró gbogbo rẹ̀. Òun náà lẹ fò.

Ẹ wo ohun tó ti dé bá àwọn ará Amuwo-Odofin, ní agbègbè Trade Fair yìí, láàárín ọdún díẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ilé iṣẹ́ apoògùn GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó oògùn sì fò sókè. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba Èkó fi katakata wó àwọn ilé ìtajà kan ní Trade Fair. Ká ní ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2022 pé òun á máa dé ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ kí bẹ́ẹ̀dì má bàa gba ọjọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pé ẹni tí ṣọ́ọ̀bù àwọn jọ wà ni yóò máa kíyè sí òun, pé òun á máa ra oògùn oṣù mẹ́ta papọ̀. Èwo ló kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Dókítà tó kàn ń béèrè oorun kò lè mọ̀.

Wọ́n á ní àwọn aláìsàn kì í wá déédéé. Òótọ́ ni. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba, tí wọ́n ṣí ní 1907, àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Oshodi ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, tírélà tó bá sì tò sí Mile 2 lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí wọ́n ṣí ní 2023, Mile 2 náà ló pin sí, kò dé Trade Fair. Ìdí nìyẹn tí àtúntò náà fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn.

Nínú ètò náà, abala ọjọ́ tó burú jù ló le jù láti kọ, ẹ̀rù ló sì fà á. Òfin tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ ka ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì ni. Òfin Èkó ti 2011 yàtọ̀: ilé ìwòsàn ló ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Aláìsàn mélòó lẹ ti sọ èyí fún?

Kì í ṣe pé ilẹ̀ yìí kò mọ ọ̀nà. Ní 1954, dókítà ọpọlọ Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò Aro l'Ábẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá. Lónìí, bẹ́ǹṣì ìta lẹbí ń jókòó sí. Ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda fi bẹ́ǹṣì ọ̀hún gan-an ṣe ìtọ́jú: láti 2006 ló ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó ti aláìsàn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sì fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn aláìsàn náà dín kù. Àwọn olùwádìí Ìbàdàn tí Oye Gureje ṣáájú náà ti fi hàn ní 2019 pé òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè tọ́jú àìsàn yìí.

Àwọn dókítà ọpọlọ Nàìjíríà kò tó 300, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní kí dókítà àgbà máa dá àtúntò yìí ṣe. Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ méjì méjì ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé Festac, Satellite Town àti Kirikiri. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, tàbí nígbàkígbà tí òkú bá sọ, tí ọmọ bá dé tàbí tí ṣọ́ọ̀bù bá lọ, kí wọ́n ṣí ètò náà: kí bírò wà lọ́wọ́ aláìsàn, kí ẹni tó bá yàn jókòó tì í, kí wọ́n kọ déètì sórí rẹ̀, kí ẹ̀dà kan dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Yaba. Ẹ má dúró de àwọn aláìsàn tuntun. Ẹ yẹ àwọn fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín báyìí wò. Èyí tí ètò inú rẹ̀ bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà yọ.