Ẹ Bá Mi Sọ Ẹrù Yìí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń yá ìwé yìí kà láì san kọ́bọ̀ (ẹ mọ ara yín), mo kí yín o. Ìkíni parí. Ìjà ló kù.

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, eré kékeré kan wà níbẹ̀ tí gbogbo họ́sítẹ̀lì fi ń rẹ́rìn-ín títí di báyìí. Ọmọkùnrin kan wà nínú eré náà, Tírámọ́lù ni wọ́n ń pè é. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó jí owó ọjà ìyá rẹ̀ kó, ó fi ra oògùn. Níkẹyìn, pásítọ̀ dé, ó pariwo pé "Jù ú nù!", ọmọ náà da gbogbo hóró oògùn rẹ̀ sínú ṣáláńgá, ó gbọn ara nù, ó di ọmọlúàbí lójú ẹsẹ̀. Orin dé, eré parí. Ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì mọ eré kọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi sì wà nínú àpò ṣòkòtò mi, lórí páálí tramadol tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí aṣọ lójú eégún ara mi. SS ni mí. Àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan tó ní in. Ẹ̀jẹ̀ wa máa ń tẹ̀ bíi dòjé, a há sínú iṣan, ibi tó bá sì há sí, ìrora ni. Ìyẹn ni kíráísìsì. Ó ń dé, ó sì ń lọ. Àmọ́ tèmi tún ní ẹ̀ka. Nígbà tí mo wà ní SS3 (bẹ́ẹ̀ ni, SS nínú SS3, mo ti gbọ́ àwàdà yẹn rí), ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun itan mi ọ̀tún dáadáa mọ́, eegun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìrora tibẹ̀ kì í lọ. Ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ ṣe ń rí mi tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí lẹ́kíṣọ̀, tí àwọn kan rò pé fáàrí ni, òun nìyẹn.

Dókítà ló kọ tramadol fún mi. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, 50 mílígíráàmù. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà. Mo sùn mọ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí n lè jókòó ṣe JAMB, mi ò ní bú u láéláé. Àmọ́ nǹkan máa ń mọ́ ara lára. Hóró méjì ò tó mọ́, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin, nígbà tí màá fi wọ ọdún kejì níbí, ó ti di mẹ́fà lójúmọ́: 300 mílígíráàmù. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú káàdì mi, pẹ̀lú ìfọwọ́sí. Ọdún mẹ́rin gbáko. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ò sọ fún mi bí a ṣe máa parí rẹ̀. Wọ́n kọ ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò kọ òpin.

Nílé wa, tí ẹrù bá wúwo, èèyàn á pe ẹnì kan kó bá òun gbé e rù. Tó bá dé ibi tó ń lọ, á tún pe ẹnì kan kó bá òun sọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń bú u pé ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá ní òun á dá garawa omi sílẹ̀ láti orí gbì, ọrùn ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Ó dáa. Ní ọ̀yẹ́ tó kọjá, dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú yẹ káàdì mi wò. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rin? Oògùn yìí ti di bárakú fún ẹ. Mi ò ní kọ ọ́ mọ́." Wọ́n fi bírò fa igi lé e lórí. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lónìí náà ni?" Wọ́n ní, "Àbí títí láé lo fẹ́ máa lò ó?" Ẹ wo ìbéèrè yẹn. Bí ẹni pé láàárín òní àti títí láé, kò sí ọjọ́ mìíràn nínú kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, àmọ́ mo yán títí àgbọ̀n fi ń dùn mí. Imú ń ṣomi, ojú ń ṣomi, irun ara mi dìde, awọ ara mi dà bíi ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀yẹ́ tí ètè gbogbo yín ń là, èmi ń làágùn débi pé bẹ́ẹ̀dì mi tutù rinrin. Ẹsẹ̀ mi ò gbà kí n gbé e sójú kan. Inú mi ṣí, mo lọ sí ilé ìgbẹ́ nígbà mọ́kànlá lóru ọjọ́ kan, ẹ sì mọ bí omi ṣe rí ní họ́sítẹ̀lì wa. Èyí tó burú jù ni ìbẹ̀rù. Mi ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù, àyà mi ṣáà ń já. Ìrora ìbàdí náà padà, ó mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ dání.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo wọ́ ara mi dé kẹ́míìsì kan níta ọgbà. Ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Kò béèrè káàdì. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 50 ò lè ṣe nǹkan kan fún yín, ẹ jẹ́ n fún yín ní 225." NAFDAC ò fọwọ́ sí ju 50 àti 100 lọ. Mo mọ̀. Mo sì rà á. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ọdún mẹ́rin tí dókítà fi ń kọ ọ́, mi ò débẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́ta péré tí wọ́n gbà mí là, mo ti débẹ̀. Rúùmùméètì mi ló já a gbà lọ́wọ́ mi, ó sì fi pamọ́ sínú bàtà rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. (Gààrí tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, màá san.)

Ọjọ́ kẹrin, kíráísìsì dé. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ní SS kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lára òun. Òógùn gbé omi lọ, ìgbẹ́ gbuuru gbé ìyókù, ẹ̀jẹ̀ mi sì há. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ọsibítù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ṣebí dókítà náà ń gbìyànjú ni, ṣebí tramadol ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Òótọ́ ni. Èmi kọ́ ló máa sọ pé irọ́ ni. Ìwádìí tí National Bureau of Statistics àti UNODC gbé jáde ní 2019 fi hàn pé mílíọ̀nù 4.6 èèyàn ní Nàìjíríà ló lo irú oògùn ìrora báyìí láàárín ọdún kan láì jẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Ní May 2018, ìjọba fòfin de kíkó omi ikọ́ oníkòdíìnì wọ̀lú àti ṣíṣe é. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní, ẹ̀yin òǹkọ̀wé lẹ sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nǹkan lè mọ́ni lára. Nǹkan sì lè di bárakú. Ohun tó di bárakú, èèyàn á ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ń pa òun, á ṣì máa wá a kiri. Ohun tó mọ́ni lára, ara ti fi kọ́ ìṣirò rẹ̀ ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, ìṣirò á dàrú. Ẹni tí dókítà kọ oògùn fún, tó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí ara rẹ̀ wá ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n já a gbà, kò jalè o. Kì í ṣe Tírámọ́lù inú eré.

Bí ẹ bá rò pé ìgbèjà ara mi ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Àwọn ló kọ́kọ́ da oògùn yìí sílẹ̀ bí ẹ̀wà láti bíi 1996 lọ, nígbà tí ìparun dé, wọ́n tún yí padà, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn lọ́wọ́ àwọn aláìsàn lójijì. Ní April 2019, FDA wọn fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé dídá a dúró lójijì lára ẹni tó ti mọ́ lára ń fa ìpalára ńlá: ìrora tí kò ṣeé kápá, ìdààmú ọkàn, títí dórí pípa ara ẹni. Ní 2022, CDC wọn ní ẹni tó ti lò ó ju ọdún kan lọ, kí wọ́n máa dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù lóṣù, tàbí kó tún lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí á jọ sọ̀rọ̀ ná, kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀mí èèyàn kọ́ lọ́hùn-ún, ṣé àwa náà tún máa san owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni?

Ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ yẹn ni mo ti pàdé ìyá nọ́ọ̀sì kan. Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń sáré lé ẹ?" Mo bú sẹ́kún bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ló mú mi lọ bá dókítà àgbà kan, àwọn ló sì ra ìwé àjákọ kékeré fún mi. 300 padà sínú káàdì. Lẹ́yìn náà 250. A ò sáré.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá dùn ún sọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá 300 jẹ́ 30, mi ò sì rí kápúsù 30 rà níbì kankan. 50 ló wà. Nítorí náà àtẹ̀gùn tèmi ga, a wá ń pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lókè, tí ẹ bá yọ hóró kan, ìdá kan nínú mẹ́fà ni. Nísàlẹ̀, láti 100 sí 50, ìdajì ni. Hóró kan náà, àmọ́ kì í ṣe àtẹ̀gùn kan náà. Ìsàlẹ̀ ló le jù, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ fún èèyàn. Gbogbo èèyàn á ní, "Ó ti kù díẹ̀, fi í sílẹ̀ jàre." Díẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀ẹ̀mejì la dúró pátápátá. Àkọ́kọ́, nígbà ìdánwò. Èkejì, nígbà tí kíráísìsì mìíràn mú mi ní 150, tí wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú tì mí. Mo rò pé gbogbo iṣẹ́ mi ti bàjẹ́. Ìyá nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ wo ló bàjẹ́? Kíráísìsì dé, wọ́n tọ́jú kíráísìsì, ó lọ, mo padà sí 150. Ó tán. Ẹni tó bá ní kí SS tó ń bọ̀ lórí tramadol máa fi eyín ha ìrora kíráísìsì nítorí kó lè jẹ́ mímọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ná.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n ní ìrora bíi tèmi náà ń bá mi jà, lódì kejì. Wọ́n ní kí ló dé tí mo tilẹ̀ ń dín in kù, ṣé mo fẹ́ fi han àwọn abúni pé mo jẹ́ èèyàn dáadáa ni? Rárá o. Mò ń dín in kù nítorí pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni ìrora máa ń jí mi, lójoojúmọ́, pẹ̀lú hóró mẹ́fà. Nígbà tí mo dé 150, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn kọjá aago mẹ́rin. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé apá kan ìrora ìdájí yẹn, oògùn tó ń tán lára ló ń fà á, àti pé bí oògùn irú èyí bá pẹ́ lára, ó lè mú kí ara máa gbọ́ ìrora ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Eegun mi ṣì kú. Mo ṣì ń lo ọ̀pá lọ́jọ́ tí òtútù bá mú. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé kó dúró lórí tirẹ̀ ló tọ́, òun àti dókítà rẹ̀ ló mọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń kọ eré, kì í sì í ṣe èmi.

Oṣù mọ́kànlá rèé. 50 ni mo wà báyìí, hóró kan, lálẹ́. Mo ti kọ ọjọ́ tí màá yọ ọ́ sínú ìwé àjákọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní báyìí, mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbé eré Tírámọ́lù yẹn sórí ìtàgé ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní kí o má ṣe é. Iwájú pátápátá ni màá jókòó, pẹ̀lú ọ̀pá mi, nítorí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn yẹn kò dára fún ìbàdí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè. Nígbà tí ọmọ yẹn bá da oògùn rẹ̀ sínú ṣáláńgá, má jẹ́ kí iná kú, má sì jẹ́ kí orin dé. Jẹ́ kí a rí òun náà ní ọjọ́ kejì, nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo lè yá ẹ, bí o bá fẹ́ mọ ohun tó máa sọ.