Ẹ̀yin Ọmọ Yunifásítì Parakou, Ẹ Ya Àdúgbò

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ọ̀rọ̀ ìgboyà yín ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí inú ọgbà nìkan ni ẹ ti ń ná an. Bí owó bourse bá pẹ́, bí owó ìforúkọsílẹ̀ bá ga, gbogbo ọgbà a máa hó yéè. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníkálukú ti padà sídìí ìwé rẹ̀. Ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Arzèkè kò mọ ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pariwo, ẹ̀yin náà kò sì mọ iye tó ń san lórí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ má bínú, ọmọ mi: ọwọ́ ìyá yẹn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni agbára yín wà.

Ẹ wo ọdún 1989. Ní oṣù kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ṣoṣo tí Benin ní nígbà náà, ní Abomey-Calavi, da ìwé sílẹ̀ nítorí bourse tí ìjọba Kérékou jẹ wọ́n. Ó ti lé lọ́dún 16 tí Kérékou ti gbàjọba. Àwọn báǹkì ìjọba ti dojú dé, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ka oṣù láì rí owó. Bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ bourse nìkan ni, ìjọba ì bá ṣa owó díẹ̀ jọ, kó fi dí wọn lẹ́nu. Àmọ́ olùkọ́ dá sí i, òṣìṣẹ́ ìjọba dá sí i, ẹ̀dùn ọmọléèwé wá di ẹ̀dùn baba àti ìyá tó bí i. Kọ́dún tó parí, ìjọba ti kéde pé òun kò tẹ̀lé ìlànà Marx àti Lenin mọ́. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì 1990, nǹkan bí 500 aṣojú jókòó ṣe àpérò orílẹ̀-èdè ní hótẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Cotonou, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága, wọ́n tún ìlú tò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Soglo, tí àpérò náà yàn ṣe olórí ìjọba, fi ìbò lé Kérékou. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣáná sí i, àmọ́ igi tó jó, ìdáná gbogbo ìlú ló ti wá.

Ẹ ó ní ayé ti yí padà, pé ní oṣù kẹwàá 2016 ìjọba dá iṣẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní gbogbo yunifásítì ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sì sọ ní 2017 pé ìdádúró yẹn ta ko òfin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló tó láti ti gbogbo ẹgbẹ́ náà pa, torí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹgbẹ́ tó bá ní ènìyàn ní Banikanni, ní Albarika, ní Zongo, ilẹ̀kùn wo ni wọn ó tì mọ́ ọn?

Àwọn mìíràn nínú yín ní òṣèlú dọ̀tí, pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó bá yọrí, olówó á rà á. Òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. A mọ iye tí ẹ̀wù ìpolongo ń jẹ́. Àmọ́ ibi tí owó ti wá ni àrùn náà ti ń wọlé. Ẹ wo Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní London: òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ilé tiwọn ní London, Ṣólàńkẹ́ padà wá sílé ní 1929, ó ń ti ìlú dé ìlú gba ìdáwó títí di 1932. Wọ́n ṣílé náà ní 1933. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé tirẹ̀, Aggrey House, kalẹ̀ ní 1934, WASU ta kò ó gidigidi: onílé ló máa ń pinnu ohun tí wọn ó sọ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún fàráǹkì lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kì í sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Ọjà, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, omi, ojú àgbàrá, kọ́múnù ni òfin fi wọ́n lé lọ́wọ́ láti ìgbà ìbò kọ́múnù àkọ́kọ́ ní 2002 sí 2003. Ìwé ìṣúná rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè Baatonu, Dendi àti Yorùbá ni ọjà ń sọ. Ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ ní àwọn tó ń kọ́ òfin, àwọn tó ń kọ́ ọrọ̀ ajé, ẹ sì ń sọ gbogbo èdè wọ̀nyí ní yàrá kan náà. Àmọ́ ẹ má lọ bí olùkọ́ o. Ẹ lọ jókòó sídìí ìsọ̀, ẹ lọ bá àwọn onízémì níbi tí wọ́n ti ń dúró, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Ó ń pẹ́, ó sì ń sú ènìyàn. Ìyanṣẹ́lódì dùn jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdún mẹ́ta péré lẹ ó lò níbí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ohun tí ìlú béèrè, ohun tí mérì ṣèlérí, ọjọ́ tó ṣèlérí rẹ̀. Ẹ fi ìwé náà lé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹ lè fi ojú àgbàrá àdúgbò tí ẹ ń gbé bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó dé.

Bàbá yín ní Parakou.