Bí Mínísítà Bá Ń Bọ̀, Kí Ni Kí A Fi Hàn Án?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, gbogbo wa ni a mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ti máa ń rí nígbà tí alábẹ̀wò ìjọba bá ń bọ̀. A ó gbá àgbàlá, a ó fi ẹfun kun ògiri, a ó sì kó àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé sí iwájú. Ní ìgbà èwe mi, èmi wà lára àwọn tí a kó sí ẹ̀yìn. Alábẹ̀wò yìn wá, ó sì lọ. Òrùlé wa sì ń jò síbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó fi hàn án.

Èyí ni mo rántí nígbà tí mo kà nípa David Cameron, ẹni tí ó jẹ́ Mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó bẹ erékùṣù Falkland wò ní oṣù kejì ọdún 2024. Nǹkan bí 8,000 máìlì ni ó wà láàárín ibẹ̀ àti Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń ṣe àkóso ààbò wọn. Láti ọdún 1994, kò sí ẹni tí ó wà ní ipò náà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko!

Ẹni tí ń ṣètò irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀: ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀ṣọ́, ìpàdé pẹ̀lú Gómìnà àti àwọn aṣòfin 8 tí ará ìlú yàn, àti ìrántí àwọn tí ó kú nínú ogun 1982. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀nyí bá gba gbogbo ọjọ́ náà tán, nígbà wo ni olùṣọ́-àgùntàn tí ń gbé ẹ̀yìn ìlú Stanley yóò sọ tirẹ̀?

Àwọn kan lè wí pé wọ́n ti dìbò ní ọdún 2013: 1,513 fẹ́ wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, 3 péré ni ó kọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbò sọ ilé tí ènìyàn fẹ́ máa gbé. Kò sọ ibi tí ilé náà ti ń jò.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran; onílé ni yóò fà á lọ́wọ́. Nítorí náà, kí olùṣètò fi wákàtí kan sílẹ̀ tí kò ní sí orin, tí kò ní sí ìwé kíkà, àfi ọ̀rọ̀ láàárín àlejò àti àwọn onílé.

Àwa náà ńkọ́? Ní ọjọ́ tí a bá di olórí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a gbá àgbàlá wa dáradára. Lẹ́yìn náà, kí a mú alábẹ̀wò dúró sí abẹ́ òrùlé tí ń jò.