Gìrì àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Orí

Àwọn mìíràn a máa ti ẹsẹ̀ ọmọ tí gìrì gbé bọ iná. Ìfẹ́ ọmọ ni ó ń ṣe wọ́n, n kò sì bú wọn, ṣùgbọ́n orí ni ọ̀ràn wà, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Bí kòkòrò ibà bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ orí, àwọn ọmọ ogun ara a máa pàrokò ránṣẹ́ síra wọn, àrokò náà a sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ, tí Pío del Río-Hortega ṣàpèjúwe ní 1919. Bí akéde Ìlá Ọ̀ràngún bá ké lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọdẹ a ṣọ́ ìlú. Bí ó bá ń ké láìdákẹ́, wọn a yìnbọn lu ará ilé. Ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ artesunate wà ni kí a sáré gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ.