Àdàlù Kọ́ Ni Ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ìjà sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ó ṣòro kí ẹ tó rí oúnjẹ tí kò ní bàbá méjì. Ẹni tó bá ní tòun ò ní, kò tíì bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè dáadáa ni.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Houston ni mò ń gbé, ní Texas, iṣẹ́ software ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo se birria ramen nílé. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: birria ni ẹran tí àwọn ará Jalisco ní Mẹ́síkò máa ń fi ata gbígbẹ sè títí tí yóò fi rọ̀, ramen ni núdùlù olómi ti àwọn ará Jàpáànì. Èèyàn á da omi birria sórí núdùlù, á kó ẹran lé e, á wọ́n àlùbọ́sà àti ewé cilantro sí i, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó parí. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò fúnra wọn ló da méjèèjì pọ̀, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2020, ó ti gba ìgboro Los Angeles.

Àlejò wà nílé wa lọ́jọ́ náà, bọ̀dá kan tí gbogbo àwa ọmọ Ìbàdàn tó wà ládùúgbò ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n yínmú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo sè yìí? Oúnjẹ tó ní bàbá méjì ò ní bàbá o." Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, dá sí i: "Uncle, ẹ taste ẹ̀ ná, ó sweet gan-an." Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Yorùbá tìẹ náà dà bí ọbẹ̀ bàbá ẹ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yẹn ò fi sọ Yorùbá nídìí tábìlì mọ́.

Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà. Àgbà ni wọ́n, àlejò sì tún ni wọ́n. Èsì mi nìyí o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí birria. Ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń sè é ní Jalisco láti ilẹ̀. Ta ló mú ewúrẹ́ débẹ̀? Àwọn ará Sípéènì tó wá gba ilẹ̀ náà ni. Ata guajillo àti ata ancho, ti àwọn onílẹ̀ ni. Kánáfùrù inú rẹ̀, ọ̀nà Éṣíà ló ti wá. Kódà orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ èébú: ní èdè Sípéènì, wọ́n máa ń pe ohun tí kò ní láárí ní birria. Nígbà tó dé Tijuana, lẹ́bàá ẹnubodè Amẹ́ríkà, wọ́n fi màlúù rọ́pò ewúrẹ́. Ká ní bọ̀dá wà ní Tijuana nígbà yẹn, wọn ì bá yínmú sí ìyẹn náà.

Ramen ńkọ́? Àwọn ará Ṣáínà ló gbé irú núdùlù yẹn dé Jàpáànì. Lọ́dún 1910, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Rairaiken ní Asakusa, ní Tokyo. Ọmọ Jàpáànì ló ni ín, àwọn alásè ọmọ Ṣáínà tó kó wá láti Yokohama ló sì ń dáná níbẹ̀. Núdùlù inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo ilé ní Nàìjíríà mọ̀, Momofuku Ando ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Jàpáànì lọ́dún 1958, Taiwan ni wọ́n sì ti bí òun náà. Àlejò ni ramen kó tó di onílé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé wa. Láàárọ̀ Sátidé yẹn gan-an, kí ni bọ̀dá jẹ kí wọ́n tó jáde? Àdàlù ni. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀wà, ti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Àgbàdo ńkọ́? Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Ata tí wọ́n fi sè é, Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, lẹ́yìn tí Columbus ti wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún 1492. Bọ̀dá ti jẹ Mẹ́síkò yó láàárọ̀ kí wọ́n tó wá bú Mẹ́síkò nílé mi lọ́sàn-án. Oúnjẹ ọ̀hún ò tilẹ̀ fi ara rẹ̀ pamọ́, orúkọ rẹ̀ ló ń sọ pé a da nǹkan pọ̀ mọ́ nǹkan.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn ṣá. Àdàlù burúkú wà. Mo ti sanwó birria ramen nílé oúnjẹ kan rí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ata wọn ti jó, ó ń korò lọ́fun, núdùlù ti wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ẹni tó sè é ò mọ birria, kò mọ ramen, ó kàn mọ̀ pé orúkọ méjèèjì ń tà. Nínú iṣẹ́ mi, tí mo bá fẹ́ so software méjì pọ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà àti ohun tó ń dá padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá jọ kú lọ́jọ́ tí mo bá so wọ́n pọ̀.

Mo mọ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sè é, mo da núdùlù sínú ìkòkò birria gbuurugbu, bí a ṣe ń ṣe Indomie. Kí n tó yíjú padà, núdùlù ti fa omi ọbẹ̀ mu, èyí tó kù ti ki bí ògì. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin wọgbó. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé àsáró ni.

Ni mo bá padà lọ kọ́ ọ. Màmá kan láti Guadalajara wà ní ilé kejì sí tiwa, àwọn ló kọ́ mi ní ata. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, títí òórùn rẹ̀ á fi jáde. Tó bá ti dúdú, ẹ jù ú nù, ìkorò rẹ̀ ò ní lọ láéláé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà, aáyù, fínígà díẹ̀, cumin, oregano àti kánáfùrù mẹ́ta péré. Ẹran ojúgun màlúù tòun teegun rẹ̀ àti ẹran èjìká, kílò kan ààbọ̀, ẹ ti fi iyọ̀ pa á láti alẹ́. Iná jẹ́jẹ́, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Màmá náà kì í wo aago, fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń bi ẹran léèrè bóyá ó ti jinná. Epo pupa rẹ́súrẹ́sú á lé sókè. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ epo tó lé sórí ọbẹ̀ ata? Ẹ bù ú sọ́tọ̀, ẹ máa fi ṣíbí dá a padà nígbà tí ẹ bá ń bu oúnjẹ. Ẹ sẹ́ omi ọbẹ̀ náà kó lè ṣàn.

Ó wá ku núdùlù. Ohun tó jẹ́ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń jẹ́ kó yi díẹ̀ lẹ́nu, omi kan tí wọ́n ń pè ní kansui ni. Ìbátan káún tí ìyá wa ń fi sínú ewédú ni. Nílé, mo máa ń tẹ́ baking soda sórí tìréè nínú oven fún wákàtí kan, iná 120, kó lè le sí i. Mi ò sì jẹ́ fọwọ́ lásán kàn án. Gíráàmù 4 rẹ̀ tó fún gíráàmù 400 ìyẹ̀fun àti gíráàmù 160 omi. Ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀, omi lásán, ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ sẹ́ ẹ gbẹ. Inú abọ́ ni òun àti birria ti máa pàdé, kì í ṣe lórí iná.

Mo gbé abọ́ kan lọ fún màmá náà. Wọ́n ní ata tọ̀nà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ núdùlù ò kan àwọn. Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ọmọ mi ń da èdè pọ̀ nítorí pé èmi bàbá rẹ̀ ò tíì kọ́ ọ ní Yorùbá kó kún. Ẹ̀bi mi ni. Ẹni tí núdùlù rẹ̀ wú, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọmọ tó ní "ẹ taste ẹ̀", ẹ sọ fún un pé "ẹ tọ́ ọ wò" là ń wí, kẹ́ ẹ sì tọ́ ọ wò. Ẹ̀rín ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní èdè rí. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́, èdè tó yẹ kó gbó lẹ́nu rẹ̀ á sì kú síbẹ̀. Bọ̀dá, ilé mi ṣì jẹ́ ilé yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tún béèrè bàbá oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíbí kan bà á.

Sátidé tó kọjá, mo tún sè é. Ọmọ mi dúró tì mí, mo bu omi ọbẹ̀ sí ṣíbí fún un, mo ní, "Tọ́ ọ wò." Ó tọ́ ọ wò, ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó dùn, but ó need iyọ̀."

Ó need iyọ̀ lóòótọ́. Mo fi sí i.